Ìwé Méjìlá Tó Dín

Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní Ifangni, ìlú kan lódìkejì bodè, ni Ará Èkó. Bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo sì ti dé Èkó láyé mi. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Lójú tiwọn, ẹnikẹ́ni tó bá gba Ìdírókò kọjá wá, tó ń sọ Yorùbá tí kò fi Faransé kankan là á, ará Èkó ni, ẹni tí èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ni. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa máa ń fa igbá rẹ̀ súnmọ́ra bí ó bá ti rí mi lókèèrè. Kò ní sọ̀rọ̀ burúkú o. Á kí mi, á bi mí bóyá mo jí dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà lórí igbá títí n ó fi kọjá.

Kí n tó kúrò nílé, mo rò pé ibi tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ni wọ́n ń pè ní ìlú òkèèrè. N kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ibi tí ó súnmọ́ni tó báyìí, tí èdè wọn sì jẹ́ èdè ẹni. Èdè náà gan-an ló máa ń tàn mí jẹ. Wọ́n á ní "dàkọ́", n ó rò pé a ti fẹnu kò, àṣé wọ́n kàn ní àwọn ti gbọ́ ni. "Áà bọ̀n?" ni wọ́n fi ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbà gbọ́, wọ́n sì ń fi dá mi lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà.

Iṣẹ́ ló mú mi kúrò nílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá ilé ìwé ìròyìn Yorùbá kan ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń ka ọ̀rọ̀ wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí mo ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí mo ń fi kókó sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ilé ìròyìn náà kógbá wọlé, mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ. Ìyá mi, tó ń ta epo pupa, wò mí títí, ó wá pe oníbàárà rẹ̀ kan ní Ifangni, Tántì Rámátù, ẹni tó ti ń kó epo ránṣẹ́ sí i láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tántì ní kí n máa bọ̀, pé òun ń wá ẹni tó mọ̀wé tó sì lè ṣiṣẹ́ agbára. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi nọ́ńbà rẹ́ ẹ jẹ.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń já ẹyìn lára ìdì nìyẹn. Láàárọ̀, a ó sè é nínú àgbá, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó da omi sí i, a ó sì máa re epo kúrò lójú omi títí oòrùn yóò fi mú. Ẹ̀gún ẹyìn gún mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di oṣù kejì, èékánná mi ti pọ́n rúbúrúbú, ọṣẹ kankan kò sì lè bó o mọ́. Mo máa ń wo ọwọ́ náà, ọwọ́ tó ń fi báírò pupa tún gírámà àwọn ọ̀gá ṣe tẹ́lẹ̀, n ó sì sọ fún ara mi pé kí n ní sùúrù.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe iṣẹ́. Kò sí ẹni tí mo lè bá ṣe àwàdà ni. Àwàdà ló máa ń pẹ́ jù kí ó tó kọjá bodè. Ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ wa, èdè Gùn ni wọ́n fi ń wàásù, Faransé ni wọ́n fi ń ka ìkéde. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn, n ó ṣe "Àmín" nígbà tí àwọn èèyàn bá ti ṣe é tán.

Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè.

"Fi ọkùnrin náà sórí fóònù."

"Ọkùnrin wo, Màmá?"

"Èyí tó mú ọ jókòó síbẹ̀."

"Kò sí ọkùnrin kankan. Iṣẹ́ ni mo ń ṣe, mo sì ń kọ̀wé."

"Ìwé wo? Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́."

Mo mọ̀ pé ó ń fetí sí ẹ̀yìn mi bóyá òun máa gbọ́ ikọ́ ọkùnrin. Adìẹ Tántì nìkan ló máa ń gbọ́.

Òótọ́ ni pé mo ń kọ̀wé. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì ń mú un lọ síbi gbogbo tí a bá ń gbé epo lọ. Ní ọjọ́ ọjà Igolo, nítòsí bodè, láàárín àwọn tó ń pààrọ̀ owó àti àwọn aláàárù, mo jókòó sórí bídọ́ọ̀nù òfìfo, kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń gbé epo, mo ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Risi, oníbàárà Tántì tó ń ta ìrẹsì, ló fẹnu rẹ̀ bi mí.

"Kí lẹ ń kọ sílẹ̀ nípa wa?"

"Kì í ṣe nípa yín. Ìtàn ni."

"Ìtàn ta?"

"Ìtàn lásán ni, mà. Mo ń rò ó ni."

"Áà bọ̀n?" ni ó wí, ó sì yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo gbọ́ pé àwọn tó ń gba owó orí ló rán mi wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ọkọ ẹnìkan ló rán mi wá láti máa ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ìtàn ta?" ni gbogbo wọn ń bi mí, kò sì sí ìdáhùn tí mo fún wọn tí wọ́n gbà. Ó bí mi nínú nígbà náà. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ìbéèrè tó tọ́ ni wọ́n ń bi mí.

Nítorí ìtàn náà kì í ṣe ìtàn lásán. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí Tántì bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á bu oúnjẹ sínú kúlà aláwọ̀ ewé kan, á fi gèlè àtijọ́ dì í, á sì gbé e fún ọlọ́kadà kan náà, tí yóò gba ọ̀nà Igolo lọ. Kò sọ ẹni tó ni oúnjẹ náà fún mi. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí tí gbogbo ìlú mọ̀ lọ: ọkọ rẹ̀ ti lọ sí òdìkejì bodè tipẹ́, kò sì padà. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn kan ní ó láya mìíràn níbẹ̀. Mo so kúlà pọ̀ mọ́ ọkọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Obìnrin kan wà nínú ìwé mi tó ń gbé oúnjẹ kọjá bodè lọ fún ọkọ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo sọ epo di ẹja. Mo wá rò pé mo ti fara pa mọ́.

Ọdún méjì ni mo fi kọ ọ́, orí méjìlá. Kò sí ilé ìtẹ̀wé tó dá mi lóhùn, nílé tàbí níbí, ni mo bá ní n ó tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Bàbá Láwànì, tó ń ta ìwé àkọsílẹ̀ àti báírò ní Ifangni, ló mú mi mọ atẹ̀wé kan ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú wọn. Nígbà tí mo lọ wo iṣẹ́ náà, n kò rí kókó kan ṣoṣo nídìí ọ̀rọ̀.

"Màdámù," ni atẹ̀wé náà wí, inú rẹ̀ dùn, "ìdọ̀tí kéékèèké kan wà lábẹ́ àwọn lẹ́tà yín. A ti bá yín nu gbogbo rẹ̀ kúrò."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, tí a ń dá ìdọ̀tí náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn páálí dé ilé, tí mo ṣí ìwé wò, ìlà tó parí ojú ìwé kọkànlélógójì ti dàwátì. "Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ pọn omi." Ìlà kékeré ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, obìnrin náà yóò wà nínú yàrá ní ojú ìwé kan, yóò sì wà létí odò ní ojú ìwé kejì. Mo ra báírò búlúù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ pọn omi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ pọn omi. Mo ń kọ ọ́ lójú àlá.

Nígbà tí mo parí, mo kà wọ́n. Ọ̀ọ́dúnrún ni atẹ̀wé ní òun kó fún mi. Méjìlá dín nínú rẹ̀. Mo pè é, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra pé ó pé. N kò gbà á gbọ́. Mo fi í sọ́kàn.

Kí n má parọ́, títà ìwé náà le ju kíkọ rẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ń bi mí pé, "Kàdó tèmi ńkọ́?" Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ẹnìkan nínú àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò sí ọ̀rọ̀ òkùnkùn nínú rẹ̀, ó sì mú un lọ pátápátá. Ọ̀gá ilé ìwé kan ṣí i, ó pa á dé, ó ní kí ló dé tí n kò fi Faransé kọ ọ́, kí ó lè wúlò fún ìdánwò. Àwọn tó ti lọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà níbí ní lẹ́tà tiwọn kò rí báyìí, pé kí ni àwọn kókó yìí ń ṣe nísàlẹ̀. Bàbá Láwànì nìkan ló gba mẹ́wàá lọ́wọ́ mi láìbéèrè nǹkan kan. Ó tò wọ́n síwájú, níbi tí oòrùn ti máa ń kàn wọ́n. Inúure rẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ mú mi fura sí i.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé epo lọ sí Igolo. Mo bá Ìyá Risi ní ìdí ìrẹsì rẹ̀. Ó ń kàwé, ètè rẹ̀ ń mì. Ìwé mi ni! Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. N kò tíì rí ẹni tó ń ka ìwé náà ní gbangba rí.

Bó ṣe rí mi, ó pa ìwé dé, ó fi sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e.

"Ìyá Risi, ẹ kú ọjà. Ìwé mi nìyẹn, àbí?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ jókòó lé."

Ó mú un jáde, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ òun. Òwú pupa kan wà nínú rẹ̀, nítòsí ìparí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n wo ojú ìwé kọkànlélógójì. Nígbà tó ṣí i, mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí báírò búlúù níbẹ̀.

"Ta ló tà á fún yín?"

"Wọn ò tà á fún mi. Wọ́n fún mi ni."

"Ta ni?"

Ó wò mí lójú pẹ́, bí ẹni tó mọ nǹkan tí mo ṣe tí n kò mọ̀ pé ó mọ̀. "Ẹnìkan ni," ló wí. Ó yí ojú sí oníbàárà tó dé.

Ní gbogbo ọ̀nà tí mo gbà padà, mo ń rò ó. Ìwé tí kò ní àmì ọwọ́ mi kò tọ̀dọ̀ mi jáde. Méjìlá dín lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ta ló mú mi mọ atẹ̀wé? Ta ló gba ìwé lọ́wọ́ mi láìjanpata? Kí ọ̀kadà náà tó dé Ifangni, mo ti dá ẹjọ́ náà tán lọ́kàn mi. Mo tilẹ̀ ti ń rántí ọjọ́ tí Bàbá Láwànì rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Olùkọ́ méjì wà níbẹ̀, àti obìnrin kan tó ń ra ìwé àkọsílẹ̀.

"Bàbá, ìwé mi mélòó lẹ ti tà?"

"Ọ̀kan péré, ọmọ mi. Ọjà ò yá."

"Ta ló rà á?"

"Èmi ni."

"Áà bọ̀n?" ni mo wí.

Mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe sọ ọ́. N kò dúró. Mo ní, "Mo ti rí èyí tí ẹ̀yin àti atẹ̀wé yín ń pín kiri ní Igolo. Mo fi àmì sí tèmi, ẹ ò mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jí ìwé mi. Olè ni yín."

Kò pariwo. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. "Nígbà tí ẹ gbé ìwé yìí wá," ló wí, "àwọn kan bá mi níbí pé kí n má gba nǹkan lọ́wọ́ ará Èkó, pé ẹ ó padà wá fẹ̀sùn kàn mí. Mo bá wọn jà lórí rẹ̀." Ó kó ìwé mẹ́sàn-án inú oòrùn sínú àpò ọ̀rá. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú ti ara rẹ̀ wá, ó sì gbé e lé wọn lórí. Mo rí i pé ó ti fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn rẹ̀, bí a ṣe máa ń bo ìwé tí a kò fẹ́ kó bàjẹ́. Àwọn olùkọ́ náà ń wo ilẹ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura ò dà bí ebi, kì í yó. Mo gbé àpò náà délé, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹni tó bá mọ olè í jà máa ń mọ bí a ti ń ṣe jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Tántì rán mi lọ gbé epo fún ìyàwó Sùlé, kápíńtà kan ní Daagbé. Ìyàwó kò sí nílé. Sùlé ló gba bídọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ará Èkó, ìwé yín dùn o! Bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kẹjọ nìkan ni mo kà."

Mo dúró. "Kí ló dé tó fi jẹ́ orí kẹjọ?"

"Bí Tántì ṣe wí nìyẹn." Ó nawọ́ sí orí sẹ́ẹ̀fù tó ń kàn lọ́wọ́. Ìwé mi wà níbẹ̀, òwú pupa méjì nínú rẹ̀. "Ó so òwú mọ́ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí n ó dúró. Ó jókòó sórí pákó yẹn, mo sì kà á sí i létí. Ó ní bí mo bá kà kọjá òwú, òun ò ní tajà fún ìyàwó mi mọ́. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ṣé ẹ ò wá kà kọjá?"

"Ẹ̀rù Tántì ń bà mí, màdámù."

N kò lè dúró de ìyàwó rẹ̀. Mo padà sí Ifangni, ṣùgbọ́n n kò lọ sílé. Ìtìjú méjì ló wà níwájú mi, mo sì mú èyí tó fúyẹ́ nínú wọn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Láwànì, mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo gbọ́," ló wí. "Àwọn mẹ́ta tó wà níbí lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"N ó lọ bá wọn nílé, bàbá."

"Dàkọ́."

Mo lọ bá àwọn olùkọ́ méjèèjì. Wọ́n gbà á tọ́wọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Obìnrin náà kò ṣílẹ̀kùn fún mi, ojú fèrèsé ló ti dá mi lóhùn. Bàbá Láwànì ń kí mi títí dòní, ó ń bi mí nípa ìyá mi, ṣùgbọ́n kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà tirẹ̀ padà fún un, èyí tó fi ìwé ìròyìn bò, ó ní kí n máa mú un lọ.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ tí mo ti Daagbé bọ̀ náà, Tántì ń dúró dè mí lábẹ́ àtíbàbà níbi tí a ti ń se ẹyìn. Ó ti kírun Alásárì tán. Iná ti kú lábẹ́ àgbá.

"Sùlé ti pè mí," ló wí. "Jókòó."

"Tántì, ẹ̀yin lẹ mú ìwé méjìlá náà."

"Èmi ni. Ọjọ́ tí wọ́n já páálí yẹn sílẹ̀, o lọ wẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan. Mo rí nọ́ńbà gàdàgbà gàdàgbà nínú rẹ̀, ó dé orí méjìlá, ó dúró. Mo bá mú méjìlá."

"Ẹ ò bá ti ní kí n kà á fún yín."

"Ìwọ tí o kọ ọ́? Ṣé ẹni tó se ọbẹ̀ là ń bi bóyá ó dùn?" Ó ń ṣa èkùrọ́ láti inú igbá sínú igbá bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Láti ìgbà tí o ti ń kọ nǹkan lọ́jà ni wọ́n ti ń bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní, ẹni tó ń gbé nílé rẹ, ìtàn ta ló tún máa kọ? Mo fẹ́ mọ̀. Bí mo bá wá gbé ìwé náà fún ẹnìkan ṣoṣo kà, gbogbo rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì di ọ̀gá mi. Mo bá pín in. Ẹnìkan mọ ìwo, ẹnìkan mọ ìrù. Èmi nìkan ni mo mọ ẹran."

Ó ju èkùrọ́ kan sínú igbá, ó sì bi mí léèrè.

"Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Èmi ni?"

Mo fẹ́ sọ pé ìtàn lásán ni. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè kúrò lórí èkùrọ́, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́.

"Mo máa ń rí kúlà náà," ni mo wí, "ní gbogbo Jímọ̀."

"Ọdún mẹ́ta lo fi rí i. Ojoojúmọ́ là ń jókòó síbí. O ò bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan."

"Mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ sọ."

"O rò ó. O sì kọ ohun tí o rò, o tẹ̀ ẹ́, o fi àmì sí i lórí." Ó fa ìwé kan yọ láti abẹ́ àpótí tó jókòó lé. Mo dá a mọ̀, ti Ìyá Risi ni. "Orí kejìlá nìkan ni n kò tíì gbọ́. Ìyá Risi ní ojú ń dun òun, ó dá a padà lánàá. Ojú ò dùn ún. Ìwọ kà á."

"Tántì, ẹ jọ̀ọ́."

"Kà á. Má sì fò ó, mo ti ka iye ewé rẹ̀."

Mo kà á. Orí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni, èmi tí mo kọ ọ́ ti sunkún lórí rẹ̀. Obìnrin náà gbé oúnjẹ rẹ̀ dé ẹ̀bá bodè, àárẹ̀ mú un, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì kú níbẹ̀, abọ́ lórí ẹsẹ̀. Àwọn èrò pé lé e lórí, kò sì sí ẹnìkan tó mọ orúkọ rẹ̀ tí wọn ìbá fi ránṣẹ́ sílé. Gbólóhùn tí mo ti yin ara mi lé lórí, nígbà tó dé ẹnu mi níwájú obìnrin yẹn, ńṣe ló dà bí aṣọ àyálò. Ó ń ṣa èkùrọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti kú, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì tún ń bá a lọ.

Mo pa ìwé dé.

"Ó ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀?"

"Kò sí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ó tilẹ̀ fi ìdí aṣọ nu ojú. "Èmi Rámátù? Láti Ko-Koumolou dé Igolo, ta ni kò mọ̀ mí? Bí mo bá jókòó lábẹ́ igi lásán, kí n tó mí kanlẹ̀ wọ́n á ti pe ilé mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìyẹn kì í ṣe èmi rárá." Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ti rí i rí lọ. "Obìnrin tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ìwọ ni, ọmọ mi. Ara rẹ lo pa."

Mo sunkún níbẹ̀. N kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Kò gbá mi mọ́ra, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti igbá èkùrọ́ náà sí àárín wa, àwa méjèèjì sì ń ṣa á.

Ìgbà yẹn ni mo tó bi í léèrè. Mo ní, "Tántì, ta lẹ ń gbé oúnjẹ fún?"

Ó sì sọ fún mi. Kò sí ohunkóhun nínú ìwé mi tó súnmọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní kọ ọ́, bí òun wà láàyè, bí òun ti kú. Mo ṣèlérí. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní rí i níbí.

Mo ṣì wà ní Ifangni. Ìwé náà ń tà díẹ̀díẹ̀, ìdí epo ni mo ti ń tà á. Àwọn èèyàn ṣì máa ń gbé e lọ́wọ́, wọ́n á wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á tẹ ohùn wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá Tántì ló wà nínú rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ bi í, pé òun nìyẹn tó jókòó sọ́hùn-ún. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó lọ.